Ìkúukùu Tí Anson Rí: Bí Ọkọ̀ Centurion Ṣe Sọnù Lójú Òkun Ní Ọdún 1741

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1741, George Anson, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, wà lórí ọkọ̀ ogun Centurion ní agbami Pàsífíìkì. Ó tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán, ó sì ní òun rí ilẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò ó títí, wọ́n ní ìkúukùu lásán ni. Ojú ọjọ́ kò mọ́ tó kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n wá pinnu pé kí ọkọ̀ yí padà, kó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìpinnu yẹn pa èèyàn bíi 70 sí 80, kì í ṣe ìjì, kì í sì í ṣe ìbọn ọ̀tá.

Erékùṣù Juan Fernández ni wọ́n ń wá. Ó wà ní nǹkan bí 670 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Chile. Omi tó dára ń ṣàn níbẹ̀, ewébẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ̀ káàkiri orí òkè. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ láàyè yóò yè. Ẹni tí kò bá tètè dé yóò kú.

Ohun tó jẹ́ kí n mú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí nìyí: tí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ojú òkun, a máa ń ka àìsàn sí ọ̀rọ̀ dókítà, a sì máa ń ka mímọ ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ ọ̀gákọ̀. Nínú Centurion, ìwọ ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àìsàn ń pa wọ́n nítorí pé wọ́n pẹ́ jù lórí omi. Wọ́n pẹ́ lórí omi nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà.

Àwọn tí wọ́n kó wọnú ọkọ̀

Ní 1739 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Spéènì. Ìjọba rán Anson pé kó gba ìsàlẹ̀ pátápátá Amẹ́ríkà ti Gúúsù kọjá, kó lọ dààmú àwọn ọkọ̀ àti ìlú Spéènì ní etí òkun Pàsífíìkì. Ọkọ̀ ogun 6 ni wọ́n fún un: Centurion, Gloucester, Severn, Pearl, Wager àti Tryal, pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù 2. Wọ́n gbéra ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1740.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Sójà kò tó, ni ìjọba bá ní kí wọ́n fa 500 yọ nínú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí ilé ìtọ́jú Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù ń bójú tó. Arúgbó ni wọ́n, òmíràn arọ, òmíràn olójú kan. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì le fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn 259 tó dé inú ọkọ̀ ni àwọn tí kò lágbára àtisá. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn ogun tí ìjọba ti hùwà òǹrorò sí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló burú tó èyí.

Èrò pọ̀ ju àyè lọ nínú ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ibà tàífọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ibà tí iná ara ń gbé láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Nígbà yẹn ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé iná ló ń fà á. Afẹ́fẹ́ búburú ni wọ́n dá lẹ́bi. Anson ní kí wọ́n lu ihò 6 sí ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè wọlé. Ní oṣù Kejìlá wọ́n dé Santa Catarina ní Brazil, wọ́n gbé àwọn aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ sínú àgọ́, ibà mìíràn àti ìgbẹ́ ọ̀rìn sì pàdé wọn lórí ilẹ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìpalẹ̀mọ́ fún ohun tó ń bọ̀.

Ọgbẹ́ àádọ́ta ọdún

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1741 ni wọ́n gba ọ̀nà tóóró Le Maire kọjá lọ sí Cape Horn, ìsàlẹ̀ pátápátá Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ìjì kọlù wọ́n, ó sì ń kọlù wọ́n lọ fún ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Yìnyín bo okùn, ìgbòkun ń ya, omi ń wọlé. Nígbà yẹn ni àrùn tí wọ́n ń pè ní scurvy yọjú.

Ọ̀nà tí scurvy fi ń ṣiṣẹ́ burú. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á máa rà, eyín á máa mì. Ẹsẹ̀ á wú, àbàwọ́n dúdú á yọ káàkiri ara. Okun á tán nínú èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí díde lásán lè pa á. Àlùfáà tó wà nínú Centurion kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan wà lórí ibùsùn aṣọ tí wọ́n so rọ̀, wọ́n ń jẹun, ohùn wọn ń dún gbọnmọ-gbọnmọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn, wọ́n kú. Ọkàn náà kì í gbẹ́yìn nínú àrùn yìí: ohun tí kò tó nǹkan á máa já wọn láyà, ìbànújẹ́ kékeré á gbé wọn dè.

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó inú Centurion ti gba ọgbẹ́ níbi ogun Boyne ní Ireland, ní 1690. Ọgbẹ́ náà ti san láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀, àpá rẹ̀ là, ó tún di egbò tútù. Egungun rẹ̀ tó ti kán rí, tó sì ti so pọ̀ dáadáa, tún tú bí ẹni pé kò jinná rí.

Ó dà bí àlọ́, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì òde òní ti ṣàlàyé rẹ̀. Ara wa nílò fítámì C láti hun okùn tíntìntín tó so awọ ara, iṣan, egungun àti àpá pọ̀. Ara kì í sì í hun okùn yìí lẹ́ẹ̀kan kó jókòó tì í. Ó ń tú èyí tó gbó, ó ń hun òmíràn rọ́pò rẹ̀ títí a ó fi kú. Bí fítámì C bá tán, títú ń lọ, híhun dúró. Àpá àtijọ́ wà lára ohun tó ń tètè já. Ewúrẹ́ àti ajá ń ṣe fítámì C nínú ara tiwọn. Èèyàn kò lè ṣe é, oúnjẹ nìkan ló fi ń rí i, èyí tó sì wà ní ìpamọ́ lára kì í pẹ́ ju oṣù kan sí mẹ́ta kí àmì àrùn tó hàn.

Kí ni wọ́n ń jẹ nínú Centurion? Bisikíìtì tó le bí òkúta, ẹran màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ẹ̀wà gbígbẹ, ọtí. Kò sí fítámì C nínú èyíkéyìí tó tó nǹkan. Ata tútù àti ọsàn tí à ń tà lẹ́bàá títì ní gbogbo ìlú wa ní i dáadáa. Ẹ̀bi oúnjẹ olóṣù mẹ́fà ni pé ohun tútù kì í bá a pẹ́. Àrùn yìí kan náà wà lára ohun tó ń pa àwọn tí wọ́n dè mọ́ra nínú ọkọ̀ ẹrú láti etíkun wa lọ sí òdìkejì òkun, àwọn tí kò sí àlùfáà kankan tó kọ orúkọ tàbí egbò wọn sílẹ̀.

Dókítà inú Centurion kọ́kọ́ ní òtútù Cape Horn ló ń fà á. Òògùn kan tó gbajúmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wà nínú ọkọ̀, èyí tí Joshua Ward ń tà, tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ kó sì máa làágùn. Nígbà tó yá, wọ́n lò ó. Èèyàn 43 kú nínú Centurion nìkan ní oṣù Kẹrin. Ní oṣù Karùn-ún ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí wọ́n wà

Láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà lójú agbami, nǹkan méjì lo gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní ni bí o ṣe jìnnà sí àríwá tàbí gúúsù tó, ìyẹn ìlà ìbú. Èkejì ni bí o ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó, ìyẹn ìlà òró.

Ìlà ìbú kò ṣòro. Tí oòrùn bá dé gíga rẹ̀ jù lọ́sàn-án, o fi irinṣẹ́ wọn bó ṣe ga tó sí etí òkun, o yẹ ìwé wò láti mọ ibi tí oòrùn wà lọ́jọ́ náà, ìṣirò kékeré, ó tán. Lóru o lè lo ìràwọ̀. Anson mọ̀ pé Juan Fernández wà ní nǹkan bí 33 dígírì ó lé sí gúúsù, ó sì lè dé orí ìlà yẹn láìṣìnà.

Ìlà òró ni wàhálà. Ayé ń yí po ní 360 dígírì láàárín wákàtí 24, èyí tó jẹ́ dígírì 15 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ti pe ará ilé rẹ̀ ní Brazil rí lórí fóònù mọ̀ pé oòrùn tiwọn kì í bá tiwa rìn pọ̀. Nítorí náà, tó o bá mọ aago tó ń lù ní Lọ́ńdọ̀nù ní déédéé ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí rẹ, o ti mọ ìlà òró rẹ. Ní Juan Fernández, tó bá di ọ̀sán gangan, aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 15 ìrọ̀lẹ́ ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn fi nǹkan bí dígírì 79 hàn. Ṣùgbọ́n aago wo? Aago oníjùwìrì, èyí tí irin ń fì sọ́tùn-ún sósì nínú rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń fì, aago àpò ìgbà yẹn sì lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣìnà lọ́jọ́ kan. Àṣìṣe ìṣẹ́jú mẹ́rin péré jẹ́ odindi dígírì kan, tó jẹ́ nǹkan bí máìlì òkun 50 ní ibi tí wọ́n wà yẹn.

Àfojúdá ni wọ́n ń lò dípò aago. Wọ́n á so pákó kan mọ́ okùn tí wọ́n ta kókó sí ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á dojú dígí oníyanrìn ìdajì ìṣẹ́jú dé, wọ́n á ka iye kókó tó bá kọjá lọ́wọ́. Ìyẹn ni eré ọkọ̀. Kọ́ńpáàsì ló ń sọ ibi tó kọjú sí. Wọ́n á pa eré, ojú ọ̀nà àti wákàtí pọ̀, wọ́n á fi àmì sí máàpù. Àṣìṣe àná wà nínú ti òní, ti òní á wà nínú ti ọ̀la.

Ohun kan wà tí pákó yìí kò lè sọ láéláé: bí omi fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ. Pákó àti ọkọ̀ ni ìṣàn omi jọ ń gbé. Bí ẹni tó ń rìn lọ sẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré síwájú, èèyàn lè ka gbogbo ẹsẹ̀ tó gbé láìṣì, kó sì bọ́ sílẹ̀ ní ìlú tí kò rò. Ní Cape Horn, ìlà-oòrùn ni ìṣàn omi ń dorí kọ. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n rò pé àwọn ń lọ.

Ní òru ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn, ọ̀pọ̀ máìlì ló ti wà láàárín wọn àti ilẹ̀. Wọ́n ti ń lọ sí àríwá pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù Anna, tó wà níwájú, yìnbọn ìkìlọ̀: àpáta ń bẹ ní ọ̀ọ́kán! Òṣùpá ló ṣàánú wọn tí wọ́n fi rí i. Wọ́n yí ọkọ̀ padà pẹ̀lú ọwọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì bọ́. Wager kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó fọ́ sí etíkun Chile. Severn àti Pearl ti padà sẹ́yìn.

Ìpinnu náà

Ẹ wá padà sí ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún. Wọ́n ti wà lórí ìlà ìbú erékùṣù náà. Ọ̀nà tó dájú jù fún ẹni tí kò mọ ìlà òró rẹ̀ ni kó mọ̀ọ́mọ̀ jìnnà sí apá kan erékùṣù, kó wọ orí ìlà ìbú rẹ̀, kó wá máa tẹ̀ lé ìlà náà. Bó ṣe pẹ́ tó, kò ní ṣiyèméjì ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ń jẹ ọjọ́, òkú sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n gbìyànjú láti dé e tààrà. Bí wọn kò ṣe rí i, ìbéèrè kan ló kù: ṣé a ti kọjá rẹ̀ ni, àbí a kò tíì dé ibẹ̀?

Ojú Anson sọ pé erékùṣù ló wà níwájú. Ìṣirò àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ pé wọ́n ti kọjá sí ìwọ̀-oòrùn. Ìwé borí ojú. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ìkúukùu tó jọ ilẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ atukọ̀ jẹ. Síbẹ̀, ìṣirò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn gun àpáta ní oṣù Kẹrin ni wọ́n tún gbé lé orí.

Ní ọjọ́ 30, òkè gíga tí yìnyín bo lórí yọ níwájú wọn. Chile ni, ilẹ̀ àwọn ọ̀tá, tí wọn kò lè gúnlẹ̀ sí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀yìn wọn ni erékùṣù wà. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ méjì bà jẹ́ gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láti tún ṣe, nítorí afẹ́fẹ́ ń kọjú ìjà sí wọn. Lójoojúmọ́ wọ́n ń ju òkú sómi. Omi mímu ń tán. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn atukọ̀ tó lè ṣiṣẹ́ nínú ọ̀wọ́ kan kò ju mẹ́fà lọ, nínú ọkọ̀ tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Àwọn ọ̀gá, ìránṣẹ́ àti ọmọdékùnrin ló bá wọn fa okùn ìgbòkun.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, wọ́n rí Juan Fernández. Àlùfáà náà kọ ọ́ pé èèyàn tó wà láàárín 70 sí 80 ló kú nínú ìdádúró yẹn, àwọn tí ì bá yè ká ní wọ́n lọ tààrà.

Lórí ilẹ̀

Wọ́n gbé aláìsàn 167 gúnlẹ̀. Anson fúnra rẹ̀ bá wọn gbé, ó sì fi dandan lé e pé kí gbogbo ọ̀gá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 12 kú nínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó kan ilẹ̀. Wọ́n já ewé etí odò, wọ́n wú tọ́níìpù àti irè mìíràn tó ń hù nínú igbó, wọ́n pa ẹja àti ewúrẹ́. Ikú kò dúró lójijì: fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọ́n ń sin èèyàn bíi mẹ́fà lójúmọ́, ó sì tó nǹkan bí 20 ọjọ́ kó tó rọlẹ̀. Anson gbin létíúsì àti kárọ́ọ̀tì sílẹ̀, ó gbin kóró èso sí i, nítorí àwọn ọkọ̀ tó lè dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Gloucester tún bani nínú jẹ́ jù. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni wọ́n rí i lọ́ọ̀ọ́kán láti erékùṣù. Àwọn inú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó máa yí ìgbòkun kò sí mọ́. Anson fi ọkọ̀ kékeré gbé omi àti oúnjẹ lọ fún wọn. Atẹ́gùn ń tì wọ́n sẹ́yìn. Ọjọ́ 23 oṣù Keje ni wọ́n tó wọ èbúté, lẹ́yìn oṣù kan ó lé tí wọ́n ti ń fojú rí i.

Nígbà tí wọ́n ka orí, èèyàn 961 ló gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú Centurion, Gloucester àti Tryal. Àwọn 626 ti kú. Nínú àwọn ológun arúgbó 50 tó wà nínú Centurion, mẹ́rin ló kù. Ti Gloucester, kò ku ẹyọ kan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé aago tí wọ́n nílò ti wọ ọkọ̀ yẹn rí. Ní 1714, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí 20,000 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá yanjú ọ̀rọ̀ ìlà òró. John Harrison, káfíńtà tó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ aago, ṣe aago ńlá kan tí fífì ọkọ̀ kì í dà láàmú. Ní 1736, Centurion yìí gan-an ló gbé e lọ sí Lisbon láti dán an wò. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn ń gbé e bọ̀, Harrison sọ fún àwọn atukọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n rí kì í ṣe ibi tí wọ́n pè é, òun ló sì jàre. Aago padà sí ọ̀dọ̀ Harrison. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Centurion lọ sí òdìkejì ayé pẹ̀lú pákó àti okùn.

Scurvy tún pa wọ́n nígbà tí wọ́n ń la Pàsífíìkì kọjá ní 1742, ní agbègbè tó móoru. Àlàyé òtútù tí dókítà gbé kalẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ mọ́, ó sì gbà pé gbogbo ohun tí òun ṣe kò ràn án. Wọ́n dáná sun Gloucester nítorí kò sí ẹni tí yóò tù ú. Ọsàn àti àgbọn erékùṣù Tinian ló tún gbà wọ́n. Ní oṣù Kẹfà 1743, Centurion gba ọkọ̀ ìṣúra Spéènì kan nítòsí Philippines, nígbà tí Anson sì délé ní 1744, kẹ̀kẹ́ ẹrù 32 ló kó fàdákà yẹn gba àárín Lọ́ńdọ̀nù kọjá, tìlù tìfọn.

Ní 1747, James Lind, dókítà ọkọ̀ Salisbury, mú atukọ̀ 12 tí scurvy ń ṣe, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó fún méjì ní omi òkun, méjì ní ọtí kíkan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ gbádùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Anson ni Lind ya ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1753 sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lind fẹ́ kí omi ọsàn lè pẹ́ nínú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n máa sè é kí ó ki, iná sì ba agbára rẹ̀ jẹ́. Aago Harrison kẹrin lọ sí Jàmáíkà ní 1761, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún péré ṣìnà. Lẹ́mọ́ọ̀nù, tó wà lọ́jà ní iye kékeré láti ìgbà tí Anson ti ń wọkọ̀, ló pẹ́ jù: 1795 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di oúnjẹ gbogbo atukọ̀.